Ọdún Tí Wọ́n Ní Bọ̀dá Súlè Ti Gánà Dé

Wọ́n ní kí n má kọ ọ́. Ìpàdé ẹbí ni wọ́n ti sọ ọ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Àgbò, níbi tí àwọn ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ti ń pàṣẹ fún mi báyìí. Wọ́n ní bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pé wèrè ti ṣe ẹnìkan rí nínú ilé wa, ta ni yóò tún wá fẹ́ ọmọ wa? Mo wò wọ́n. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ ní ọdún náà lọ́hùn-ún lẹ tún ń sọ yìí. Ó kù kí ẹ wọ agbádá rẹ̀." Wọ́n ní àgbà ti ń ṣe mí. Ó dáa. Àgbà ń ṣe mí, inú sì ń bí mi, méjèèjì kò sì dí mi lọ́wọ́ ìwé kíkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé tí mo lọ kò pọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ mí mọ́. Èmi ni mo sọ pé mo rí ìgbín kan tó tóbi débi pé ọlọ́kadà dúró, ó bi í bóyá Àgọ́-Ìwòyè ló ń lọ. Irọ́ nìyẹn. Nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, irọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi, mo sì máa fi hàn yín níbi tó wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo pa á. Ẹ má sì bínú pé n kò ní máa fi "wọ́n" pe àwọn àgbà bó ṣe yẹ. Ìbínú mi kò ráyè ọ̀wọ̀ lónìí.

Ilé wa nígbà náà, ariwo ló fi ń mí. Bí ẹni tó ń pe ìrun àsùbáà bá ti dákẹ́, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀gẹ́, ràkà-ràkà-ràkà, bí ẹni ń ha ẹ̀yìn ọ̀nì. Èmi ni mo ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro, òkúta kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá gbé e tán, mo máa ń fi ìka kan kúrú sí i. Ìdí tí n kò fi ga títí di òní nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ àwọn agégi á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, abọ́ á máa bá abọ́ sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó ti agbada gààrí, á máa kọrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ohùn Ìyá Àgbà: ọlọ́ nìkan ló lè gbe orin rẹ̀. Bó bá gbé e sókè, adìẹ á dìde lórí ẹyin. Ṣùgbọ́n kì í dákẹ́. Ó máa ń sọ pé ilé tí kò bá sí orin, eku ni yóò di ìyáálé níbẹ̀. Bàbá mi, Ràjí, tó ń ta sìmẹ́ǹtì, kò fẹ́ràn orin. Ohun tí bàbá mi fẹ́ràn ni kí àwọn ènìyàn máa kí i ní títì.

Àbúrò bàbá mi ni Bọ̀dá Súlè. Ilé ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ igi tó o. Bó bá fi èékánná kan pákó, á sọ fún ọ bí òjò ṣe rọ̀ ní ọdún tí wọ́n gé e. Ó ṣe díẹ̀, ó ní ayùn ń pe orúkọ òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ayùn lóhùn. Nígbà tó yá, ayùn náà ń bá a délé, ó ń pè é nídìí oúnjẹ, ó ń pè é lórí ìrun, ó ń bú u, títí Bọ̀dá Súlè fi pa ẹnu dé pátápátá, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, ìbáà jẹ́ ayùn, ìbáà jẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, ibì kan tó jìnnà sí wa tí n kò ní dárúkọ. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi bàbá mi léèrè àbúrò rẹ̀, á tún fìlà dé, á ní, "Súlè? Ó wà ní Gánà. Ọjà ń tà fún un, Alihamudulilahi." Gánà! Èmi tí mo ń bá Ìyá Àgbà lọ kí i lóṣooṣù, tí mò ń ru abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí epo rẹ̀ ń ro sí mi létí, mo mọ̀ pé Gánà tiwa kò ju ìrìn àárọ̀ sí ọ̀sán lọ nínú ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀ la máa ń lọ, torí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń kọrin. Yàrá gígùn kan ni, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò. Àwọn aláìsàn bí mẹ́wàá á jókòó yí ká, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹbí wọn ti gbàgbé ọ̀nà. Ẹnìkan á mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á mú agogo, ẹnìkan á mú agolo mílíìkì tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí. Sísítà, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó sanra, tó ní èjí, á dúró láàárín wọn. Bàbá mi, tí kò débẹ̀ rí, máa ń sọ pé ijó ni wọ́n ń jó níbẹ̀. Kì í ṣe ijó. Iṣẹ́ ni. Sísítà á fi orin pe orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni orúkọ á fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáhùn, àwọn yòókù á sì gbè é:

Súlè dà o, Súlè dà?
Súlè ḿbẹ, a ti rí i.
Ẹni a pè, tó bá ti dáhùn,
Kò sọnù, a ti rí i.

Bí ẹni tó pè kò bá dáhùn, Sísítà kì í bínú, kì í sì í fò ó kọjá. Á dúró. Ó dúró de obìnrin kan lọ́jọ́ kan, eṣinṣin bà lé obìnrin náà nímú, eṣinṣin fò, ó lọ jẹun, ó sùn, ó tún padà wá bà lé e, Sísítà ṣì dúró. Obìnrin náà wá mi agolo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo yàrá hó yèè bí ilé ọlọ́mọ tuntun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, Sísítà sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Ìyá, ẹ pe ọmọ yín, yóò dá yín lóhùn." Ìyá Àgbà ní, "Láti ọdún mélòó ni mo ti ń pè é, Sísítà?" Sísítà ní, "Ẹ kò tíì fi orin pè é." Ó wá ṣàlàyé, mo sì rántí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni rántí orúkọ ara rẹ̀. Ó ní, "Oògùn ń ṣe tiẹ̀, orin ń ṣe tiẹ̀. Oògùn ló ń lé àwọn aláriwo jáde nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti wá dákẹ́, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó pe onílé jáde." Ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ní wọ́n ti ń kọ́ ọ ní yunifásítì báyìí, fífi orin tọ́jú aláìsàn ọpọlọ, pé ìwé ńláńlá ló wà lórí rẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo ní kó wá ìwé tí wọ́n kọ nípa bàbá tó ba iṣẹ́ náà jẹ́, kó rà á wá fún mi.

Ní ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ni Bọ̀dá Súlè kan agídìgbo fúnra rẹ̀ ní yàrá káfíńtà ilé ìwòsàn. Pákó ló fi ṣe àpótí rẹ̀. Ahọ́n irin márùn-ún tó wà lójú rẹ̀, ara abẹ ayùn tó ti kán ló ti gé wọn. Ẹ ro ìyẹn wò. Ayùn tó ń bú u lójoojúmọ́, òun ló gbé lé orí itan, tó ń fi ìka já, tó ń fi dáhùn. Ó sọ irin kọ̀ọ̀kan lórúkọ àwọn tó ń bá a jókòó nínú yàrá: Músá, Tísà, Ìyá Ìbejì, Kọ́lá. Èyí tó kéré jù, tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹyẹ ẹ̀gà, ó ní òun nìyẹn, Súlè. Láti ìgbà tó ti ní agídìgbo ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kan, ẹyọ kan, bí òjò àkọ́rọ̀. Ó bi mí léèrè ẹ̀kọ́ mi. Ó ní ìkọ́kọrẹ́ náà ta díẹ̀. Ìyá Àgbà sunkún nítorí pé ẹnìkan sọ pé oúnjẹ òun ta.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́rin níbẹ̀ ni àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Músílí. Wọ́n ní kí ìyàwó tó jáde, àwọn fẹ́ fojú kan gbogbo ará ilé, títí kan àbúrò bàbá ìyàwó tó wà ní Gánà. Bàbá mi kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ mú Bọ̀dá Súlè jáde ní ilé ìwòsàn. Sísítà bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì fi í sílẹ̀. Bàbá mi ní rárá, ara rẹ̀ ti yá. Sísítà fún un ní ike oògùn, ó sì ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lu agídìgbo rẹ̀. Kí ẹ máa pè é, kó máa dáhùn." Bàbá mi ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Bí kò bá gbọ́ ni, ǹ bá ti dárí jì í.

Nígbà tí wọ́n délé, ó pe gbogbo wa jọ. Ó ní Súlè ti Gánà dé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọrin nílé yìí mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kan ìlù, kí wọ́n má tilẹ̀ lu igbá. "A kì í lùlù fún wèrè," ó ní. "Bó bá jó títí, ọjà ni yóò jó wọ̀." Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tó ń sọ. Àwọn àgbà wa gbà pé wèrè tó bá wà nílé ṣeé wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ wọ ọjà, ó parí, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́, ẹbí á ká ọwọ́ lérí. Ìyá Àgbà ní, "Ràjí, orin ló ń wò ó." Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí." Ìyá Àgbà gbé ṣíbí gààrí kalẹ̀. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi dáhùn, mo tún un sọ kí ẹ lè gbọ́. Ó ní, "Ta ló bí i? Èmi ni mo bí i, mo sì bí ìwọ náà. Mi ò tíì sọ èyí tí kò dùn nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Inú ẹrù aṣọ Bọ̀dá Súlè ni agídìgbo wà délé, bàbá mi kò rí i; a gbé e pamọ́ sínú àpò gààrí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà. Bí bàbá mi bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀dá Súlè á gbé e jáde, Ìyá Àgbà á fi ohùn ọlọ́ rẹ̀ pè é, á dáhùn. Èmi náà á pè é. Òun náà á pe Músá, á pe Tísà, á ta irin wọn, á gbọ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì láti ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi gbé òkúta ẹ̀gẹ́. Ó kan àpótí ìjókòó fún ìyá mi. Mo rí ara rẹ̀ tó ń yá, mo fi ojú mi méjèèjì rí i.

Ọjọ́ tí àwọn àna dé, ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n, bàbá arúgbó kan tí eyín kan ṣoṣo kù lẹ́nu rẹ̀ ló ṣáájú wọn. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣe àdúà. Bọ̀dá Súlè jókòó ní igun nínú bùbá funfun. Bàbá arúgbó náà nu ọwọ́, ó ní, "Súlè tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ náà dà?" Bàbá mi ní, "Òun nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ìrìn àjò ló ṣì wà lára rẹ̀." Aláwàdà ni bàbá arúgbó, ó fọwọ́ sẹ́nu bí ẹni ń ké sí èrò òkè odò, ó ní, "Súlè dà o?"

Ìka Bọ̀dá Súlè ló kọ́kọ́ dáhùn, lórí etí àwo. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu. Ó kọ orin náà tán, ó pe Músá, ó pe Tísà, ó pe Ìyá Ìbejì, ó pe Kọ́lá, ó ń dúró de ẹnìkọ̀ọ̀kan bí Sísítà ṣe máa ń dúró. Ojú bàbá mi dà bíi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n bu omi sí. Ìgbà yẹn ni mo pa irọ́ tí mo ní n ó fi hàn yín. Mo pariwo pé, "Orin Gánà ni! Báyìí ni wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Gánà!"

Bàbá arúgbó yíjú sí mi. "Gánà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí ẹ kò bá kọrin kí wọn, wọn kì í ta ọjà fún yín. Ọba wọn gan-an, orin ni wọ́n fi ń jí i. Òbúkọ ọba ló ń gbe orin."

"Òbúkọ kẹ̀?"

"Òbúkọ, Bàbá. Ó dé fìlà. Àwọn Gánà ń pe Bọ̀dá Súlè wa ní Ọba Orin."

Ilé hó fún ẹ̀rín. Àwọn àna bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin ilé ìwòsàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé Gánà làwọn wà. Adùn irọ́ gùn mí. Kò sí ẹni tó rán mi: mo sáré wọ yàrá Ìyá Àgbà, mo fa àpò jáde, mo gbé agídìgbo wá síwájú gbogbo wọn. Mo rí ojú Ìyá Àgbà. Ó ti pẹ́ jù. Bọ̀dá Súlè lù ú. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe lù ú. Bàbá arúgbó kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní, "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Ọmọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn rẹ̀." Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó kí wọ́n tó lọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: orin náà kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ti rí agídìgbo. Ó dúró títí Ìyá Àgbà fi lọ sí Ìwọ́pìn lọ ra ẹja yíyan fún ìgbéyàwó, ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà lọ náà, bàbá mi mú ẹ̀mú wá, ó pè mí sí àgbàlá. "Làmídì, ìwọ tó mọ ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí, ìwọ náà ni kó o tú u." Mo ní, "Bàbá, Sísítà ní—" Ó ní, "Ojúde la ó ti ṣe ìgbéyàwó yìí. Ẹnìkan lè wá tó mọ orin ilé wèrè yẹn. Tú u." Bọ̀dá Súlè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo fi ẹ̀mú di irin àkọ́kọ́ mú. Ó ní, "Làmí, rọra. Músá nìyẹn." Mo fà á. Ó dún bó ṣe ń jáde. "Tísà nìyẹn." Mo fà á. Ó pe àwọn mẹ́rin náà tán, ó dúró de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tó kéré jù, kò pe orúkọ kankan. Ó wọlé. Bàbá mi ní kí n da irin náà sí ààtàn. N kò dà á. Mo kó wọn sápò, torí irin ayùn dára fún ọ̀bẹ.

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Súlè kò sọ̀rọ̀ mọ́. Oògùn tí wọ́n bá fún un, á fi sábẹ́ ahọ́n, á tu ú sẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ ọjà, ó dìde láàárọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rìn wọ ọjà Òkè-Àgbò, ó jókòó sídìí àwọn tó ń ta pákó. Wọ́n sáré wá sọ ọ́ nílé. Àwọn àgbà péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó ti wọjà." "Ó parí." "Kí Ọlọ́run fi èyí mọ." Mo gbọ́ wọn. Bàbá mi da ike oògùn sí ààtàn, oògùn ṣì kún ìdajì rẹ̀, ó ní ìnira lásán ni mọ́. Ó ránṣẹ́ sí àwọn àna pé Súlè ti padà sí Gánà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọjà sí ilé wa. Láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó rìn ín. Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n ń kírun. Èmi náà jẹ ẹ̀bà.

Ọjọ́ ọjà kejì ni Ìyá Àgbà dé, apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí. "Súlè dà?" ó ní, kó tó sọ ẹrù. Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ó ti wọjà."

"Ó lọ ra kí ni?"

"Ìyá mi, ẹ yéé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní ó ti wọjà. Láti ọjọ́ ọjà tó kọjá."

Ìyá Àgbà wo abọ́ ẹ̀bà tó wà níwájú bàbá mi. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Agídìgbo dà?" Mo gbé àpótí òfìfo wá. Ó fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀, níbi tí àwọn irin wà tẹ́lẹ̀. Kò lù mí. Ìbá lù mí ni, ìbá sàn. Ó gbé àpótí náà lé orí bí ẹni gbé igbá ọjà, ó jáde, mo tẹ̀ lé e.

Orí àjákù pákó la ti bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, irun rẹ̀ kún fún eruku ayùn. Àwọn ọmọdé yí i ká, wọ́n ń sọ kóró máńgòrò lù ú, wọ́n ń pè é ní "Ọba Orin! Ọba Gánà!" Irọ́ mi ni. Ẹsẹ̀ irọ́ ya ju tèmi lọ, ó ti dé ọjà ṣáájú mi. Ìyá Àgbà gbé àpótí kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó dúró láàárín ọjà, ó gbé ohùn ọlọ́ rẹ̀ sókè: "Súlè dà o, Súlè dà?"

Ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ìyá Ràjí náà ti gba tọmọ!" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wò ó, òun náà ti wọjà!" Ìyá Àgbà yíjú sí wọn. Mo ti rí kìnnìún nínú ìtàn ara mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èyí tó ní ojú yẹn. Ó ní, "Ẹ ní ẹni tó bá wọjà kò ṣeé wò mọ́? Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀, níbo lo dúró sí? Gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ló kù tó ṣeé wò ní Ìjẹ̀bú-Igbó?"

Ẹ̀rín gé. Ó yí padà, ó tún pè é. Bọ̀dá Súlè kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò kúrò. Ó dúró. Ó dúró bí Sísítà ṣe ń dúró. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ dẹ́kun ọṣẹ gígé. Oòrùn wà lórí wa gan-an. Ìgbà tó pẹ́, ìka Bọ̀dá Súlè kan pákó tó jókòó lé: kọ́, kọ́. Ìyá Àgbà ní, "Súlè ḿbẹ, a ti rí i," ìyá ọlọ́ṣẹ sì gbè é, òun nìkan nínú gbogbo ọjà. Wọ́n dìde, ìyá àti ọmọ. Kì í ṣe ọ̀nà ilé ni wọ́n gbà, ibùdókọ̀ ni. Bàbá mi sáré bá wa níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. "Ìyá mi, àwọn ènìyàn ń wò wá. Ẹ má dójú tì mí. Níbo lẹ̀ ń mú un lọ?" Ìyá Àgbà ti gun ọkọ̀. Ó ní, "Gánà ni. Ṣebí ìwọ lo ní ibẹ̀ ló ń gbé."

Ní ilé ìwòsàn, Sísítà yí àpótí agídìgbo síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Mo kó irin mẹ́rin jáde nínú àpò, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ó kà wọ́n. "Ìkarùn-ún dà?" Mo ní ó sọnù. Kò sọnù. Ó wà nínú àpò mi kejì, mo ti pọ́n ọn lórí òkúta ẹ̀gẹ́ títí ó fi di abẹ tí mo fi ń bó ọsàn. Èyí tó kéré jù ni. Ojú tì mí láti fi hàn án.

Irin mẹ́rin ni Bọ̀dá Súlè lù títí tó fi kú. Kò sùn nílé wa mọ́ láé. Bí wọ́n bá pe Músá, á ta irin Músá. Bí wọ́n bá pe Súlè, ìka rẹ̀ á lọ síbi àlàfo náà, á dúró, lẹ́yìn náà á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Èmi rèé." Mo ti sọ èyí fún àwọn kan, wọ́n ní kí n fi tu ara mi nínú, pé bóyá nítorí irin tó sọnù ló ṣe sọ̀rọ̀. N kò tu ara mi nínú. Ó ní irin kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kú, bàbá mi ní Gánà ló kú sí. Wọ́n ṣe àdúà fún ẹni tó kú sí ìlú òkèèrè, wọ́n jẹ sàárà. Nínú ìwé ẹbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n fi hàn mí ní ìpàdé yìí, Gánà ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Súlè dà? Ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní pẹ́ńsùlù. Inú wọn dùn. Mo gbé pẹ́ńsùlù náà wálé. Irin kékeré yẹn ṣì mú. Òun ni mo fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù tí mo fi kọ èyí.